Awò Orí Ìbọn: Ẹ Má Fi Nọ́ńbà Ńlá Ra Wàhálà

Àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé lọ́hùn-ún sì ti ń dé lórí awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí ráífù. A mú mẹ́ta nínú wọn, a fi ọ̀kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀kan láti Abẹ́òkúta kún un.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti gba ìwé àṣẹ ọdẹ ní ìpínlẹ̀ Texas, mo sì ra ráífù .308 (ìwọ̀n ọta rẹ̀ nìyẹn). Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ 3-9x40 sára awò kan, 4-16x44 sára òmíràn, 6-24x50 sára ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń tajà ní kí n mú èyí tó tóbi jù. Èwo ni kí n mú? — Òǹkàwé yín, Houston.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú orí ire ìwé àṣẹ o. Nọ́ńbà tó ṣáájú x ni ìlọ́po tí awò fi ń sún nǹkan mọ́ni. 3-9 ni pé ẹ lè yí i láti ìlọ́po mẹ́ta dé mẹ́sàn-án: bí ẹ bá fi sí 9, àgbọ̀nrín tó wà ní 90 yáàdì á dà bí ẹni pé 10 yáàdì ló dúró sí. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn x ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mílímítà.

Ẹni tó ní kí ẹ mú èyí tó tóbi jù, ọjà ló ń tà. Bí ìlọ́po bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ojú ń rí ń kéré. Ní 100 yáàdì, awò 3-9x40 máa ń fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 33 hàn ní ìlọ́po 3. Ní 9, ó di bíi 14. Ní ìlọ́po 24, bíi 4 tàbí 5 péré ló kù. Kí ẹran ṣí ẹsẹ̀ kan báyìí, ó ti bọ́ nínú awò, ẹ ó sì máa wá a kiri láàárín ewé. Ìlọ́po ńlá tún máa ń sọ gbogbo ìwárìrì ọwọ́ di ńlá, títí kan bí àyà yín ṣe ń lù. Awò 6-24 dára fún ẹni tó ń yìnbọn sí páálí lórí tábìlì ní 600 yáàdì. Nínú igbó onígi, níbi tí èèyàn kì í ti í sábà rí kọjá 150 yáàdì, ẹrù lásán ni.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló tún ṣe pàtàkì jù. Òfin Texas gbà kí ẹ ṣọdẹ àgbọ̀nrín láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá wọ̀, àárín fẹ̀ẹ̀rẹ̀ àti ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an sì ni àgbọ̀nrín ń jáde. Ẹ fi ìlọ́po pín fífẹ̀ dígí iwájú. Ohun tó bá jáde ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú yín. 50 tí a fi 24 pín kò ju mílímítà 2.1 lọ: òkùnkùn nìyẹn. 40 tí a fi 9 pín jẹ́ 4.4, ẹ dín ìlọ́po kù sí 6, ó di 6.7. Ọmọlójú ọ̀dọ́ lè là tó mílímítà 7 nínú òkùnkùn, ti ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lè máà ju 5 lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gba àgbà nímọ̀ràn pé kó náwó sórí dígí oní-56: ojú rẹ̀ kò ní gba ìmọ́lẹ̀ tó ń sanwó fún.

Ẹ mú 3-9x40 náà. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra dígí tó dára jù nínú ìwọ̀n kan náà. Ẹ wo ara páálí bóyá wọ́n kọ fully multi-coated sí i, ìyẹn ni pé wọ́n kun gbogbo ojú dígí inú rẹ̀ ní ìpele púpọ̀. Ojú dígí kọ̀ọ̀kan tí a kò kùn ń dá ìmọ́lẹ̀ tó tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún padà, dígí inú awò kan sì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ wa tó ń fi fisà akẹ́kọ̀ọ́ gbé lọ́hùn-ún: òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó wá pẹ̀lú fisà onígbà díẹ̀ láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, irú bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó na dọ́là kan.

ÌBÉÈRÈ: Ráífù .300 Win Mag ni tèmi. Ọta kejì tí mo yìn ni awò gbá mi lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ sì bò mí. Ṣé awò ni kò dára ni, àbí èmi ni? — Òǹkàwé yín, Maryland.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí wọ́n ṣe dè é ni kò dára. Awò kọ̀ọ̀kan ní àlàfo tí ojú gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí i kí àwòrán tó kún. Ọ̀pọ̀ wà láàárín ìǹṣì 3.5 sí 4. Fún ìbọn tó ń tani léjìká tó bẹ́ẹ̀, ẹ má ra èyí tí àlàfo rẹ̀ kò tó 4. Ewu náà ń pọ̀ sí i bí ẹ bá dùbúlẹ̀ yìnbọn tàbí bí ẹ bá ń yìn ín sókè òkè, torí pé orí máa ń sún síwájú fúnra rẹ̀.

Ẹ tú u, kí ẹ tún un dè. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọta, ẹ yọ bóòtù (irin tí a ń fà sẹ́yìn láti fi ọta sínú ìbọn), ẹ fi ojú àti ìka wo inú ìbọn pé kò sí nǹkan kan. Ẹ fi ọtí oògùn nu òróró kúrò nínú ihò síkúrúù tó di irin ìsàlẹ̀ (èyí tí òrùka awò ń jókòó lé lórí) mú, ẹ kán gọ́ọ̀mù búlúù tí àwọn mẹkáníìkì ń lò sí i ní ẹ̀kán kan, kí ẹ dè é bí ìwé olùṣe ṣe wí. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù yẹn kan síkúrúù òrùka òkè, torí ó máa ń yọ̀ tí ẹ ó fi fún un jù.

Òrùka gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá awò mu. Oríṣi tó wọ́pọ̀ ni ìǹṣì 1, mílímítà 30 àti 34. Àwọn kan rò pé ọ̀pá tó sanra ń mú ìmọ́lẹ̀ wá. Àyè tí ẹ lè fi yí àmì inú awò ló ń fi kún, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún irin ìsàlẹ̀ náà, tí Weaver àti Picatinny jẹ́ oríṣi rẹ̀: òrùka Weaver sábà máa ń wọ Picatinny, ṣùgbọ́n òrùka Picatinny kì í sábà wọ Weaver, torí pé kòtò Weaver fún jù ú lọ.

Ẹ gbé awò sínú òrùka láì tíì fún un pa. Ẹ yí ìlọ́po rẹ̀ dé òkè pátápátá, torí ibẹ̀ ni àlàfo ojú ti kúrú jù. Ẹ wọ aṣọ òtútù tí ẹ ó wọ̀ lọ sóko, ẹ di ojú, ẹ gbé ìbọn lé èjìká bó ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ wá lajú. Bí òkùnkùn bá yí etí àwòrán ká, ẹ sún awò síwájú tàbí sẹ́yìn títí yóò fi kún. Fún .300, ẹ tún sún un síwájú díẹ̀ sí i.

Àgbélébùú inú awò, ìyẹn ìlà méjì tó kọjá lára wọn tí a fi ń wo ibi tí ọta yóò bà, gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Okùn bíríkìlà tí wọ́n so nǹkan wúwo mọ́ ti tó: ẹ so ó kọ́ ní ìwọ̀n 25 yáàdì, ẹ gbé ìbọn lé ibi tó tẹ́, kí ìlà òòró bá okùn náà mu. Bó bá yẹ̀, ẹ lè máà mọ̀ ní 100 yáàdì, ṣùgbọ́n ní 400 ọta yóò máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó sì máa bú atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún àwọn síkúrúù òkè díẹ̀díẹ̀ ní ìkọjá-síra, bí ìgbà tí èèyàn ń de nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Inch-pound (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún síkúrúù) 15 sí 18 ló tó fún ọ̀pọ̀ òrùka. Ẹ fi sípánà tó ń ka ìwọ̀n ṣe é. Ibí yìí ni a ti ń ba awò jẹ́ jù lọ. Ẹni tó fi gbogbo agbára fún un ti fún ọ̀pá náà mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: òrùka ìlọ́po á le, ìyípo rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, wọ́n á sì ní olùṣe ló ṣe jàǹkàrìwọ̀.

Kí bébà fẹ́lẹ́ lè kọjá láàárín dígí iwájú àti ọ̀pá ìbọn. Ó parí.

ÌBÉÈRÈ: Mo yin ogójì ọta ní pápá, kò sí èyí tó bá àárín páálí. Mo ń yí bọ́tìnnì orí awò sókè sódò títí ó fi sú mi. — Òǹkàwé yín, Pennsylvania.

ÌDÁHÙN: Ogójì ọta! Owó ńlá nìyẹn. Mẹ́wàá sí méjìlá ló yẹ kó parí iṣẹ́ náà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní 100 yáàdì. Ẹ gbé páálí sí 25. Ẹ yọ bóòtù, ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, ẹ ti ìdí ọ̀pá ìbọn yọjú títí àárín páálí yóò fi wà láàárín ihò iwájú. Láì ṣí ìbọn nípò, ẹ wá yí ìyípo awò títí àgbélébùú yóò fi bá ibì kan náà. Bó ṣe rí yẹn, ọta àkọ́kọ́ kò ní kúrò lára bébà.

Ẹ yin mẹ́ta, ẹ wá àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọn. Ẹni tó ń yí awò lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, ìwárìrì ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń lé kiri. Ní ti iye tí ẹ ó yí: ọ̀pọ̀ awò Amẹ́ríkà ń dún kẹ́ fún ìdámẹ́rin MOA (ìwọ̀n igun kékeré kan), MOA kan sì jẹ́ ìǹṣì 1.047 ní 100 yáàdì, ẹ pè é ní ìǹṣì kan. Nítorí náà kẹ́ mẹ́rin ni ìǹṣì kan ní 100 yáàdì. Ní 25 yáàdì, kẹ́ mẹ́rìndínlógún ni ìǹṣì kan. Ó jọ pé ibi tí ẹ ṣì sí nìyẹn: bí ọta bá fi ìǹṣì mẹ́ta lọ sísàlẹ̀ ní 25, kẹ́ méjìdínláàádọ́ta ni yóò gbé e padà, kì í ṣe méjìlá. Ọfà UP ń sọ ibi tí ọta yóò lọ, kì í ṣe ibi tí àgbélébùú yóò lọ.

Bó bá ti bá àárín ní 25, ẹ lọ sí 100. Ẹ má bẹ̀rù bí ọta bá fi ìǹṣì méjì tàbí mẹ́ta ga lọ́hùn-ún. Awò ló wà lókè ọ̀pá ìbọn, ọta sì ń gòkè láti kọjá ojú ìlà rẹ̀. Fún .308 tàbí .30-06, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní bíi ìǹṣì méjì lókè ní 100, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àárín ní 200, yóò sì fi bíi ìǹṣì mẹ́jọ rẹlẹ̀ ní 300. Ẹ yìn ín wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, pẹ̀lú ọta tí ẹ ó gbé lọ sóko gan-an, torí bí ẹ bá pààrọ̀ ọta, ibi tó ń bà lè yẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn tutù láàárín mẹ́ta-mẹ́ta.

Awò kan wà tó ń ka MIL, ìwọ̀n igun mìíràn: kẹ́ kan jẹ́ 0.1, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà kan ní 100 mítà tàbí ìǹṣì 0.36 ní 100 yáàdì. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ rà, kìkì kí àmì inú dígí àti ìyípo òde jọ sọ èdè kan náà.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ wa bóyá àgbélébùú tó kún fún ìlà kéékèèké ló dára. Fún àgbọ̀nrín, Duplex tí ilé-iṣẹ́ Leupold gbé jáde ní 1962 ṣì pé: ìlà ńlá létí, tín-ín-rín láàárín, ojú á tètè bá a. Bí ẹ bá yan onílà kéékèèké, ẹ béèrè bóyá ó wà ní first focal plane tàbí second. Ti àkọ́kọ́ ń tóbi pẹ̀lú ìlọ́po, ìwọ̀n rẹ̀ sì péye nígbà gbogbo. Ti èkejì kì í tóbi. Ìwọ̀n ìlà rẹ̀ jẹ́ òótọ́ ní ìlọ́po kan ṣoṣo, tó sábà máa ń jẹ́ èyí tó ga jù.

ÌBÉÈRÈ: Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì ni mo fi ń lé ehoro lóko ọ̀gá mi. Mo gbé awò ráífù ńlá lé e, oṣù méjì péré ló fi bàjẹ́. — Òǹkàwé yín, Kent.

ÌDÁHÙN: Ìbọn onísípíríǹgì kò lágbára bíi ráífù, ṣùgbọ́n ó ń ta sẹ́yìn, ó sì tún ń ta síwájú. Ọ̀pọ̀ awò ráífù, ìtasẹ́yìn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti ìbọn afẹ́fẹ́ ni, pẹ̀lú òrùka oní-mílímítà 11 àti irin ìdádúró tí kò ní jẹ́ kó máa yọ́ sẹ́yìn.

Ìṣòro kejì ni parallax: bí ẹ bá ṣí orí díẹ̀, àgbélébùú á dà bí ẹni pé ó rìn lára ẹran. Ọ̀pọ̀ awò ráífù ni wọ́n tò fún 100 yáàdì, ehoro yín sì wà ní 25. Ẹ ra èyí tí a lè yí sílẹ̀ dé 10 yáàdì. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò kọjá 12 ft-lb kò nílò ìwé àṣẹ fún àgbàlagbà ní England. Bí ẹ bá gbé e lọ sí Scotland, ó nílò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi ní Chicago fẹ́ fi awò ránṣẹ́ kí n dè é mọ́ ṣakabùlà mi. Ṣé yóò ṣiṣẹ́? — Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Rárá, bàbá. Inú ọ̀pá ṣakabùlà ń dán, kò ní ìlà yíyí tó ń mú ọta lọ tààrà bíi ti ráífù, nítorí náà ibi tí ọta rẹ̀ ń bá dé kò jìnnà ju ohun tí ojú lásán ń rí lọ. Kò sí ibi tí ẹ ó dè é mọ́, ẹ̀tù tó ń gbiná á sì ba dígí jẹ́. Awò ìbọn tún wà lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń béèrè ìwé àṣẹ fún kí ó tó jáde wá sí Nàìjíríà. Àbúrò yín lè fi inú rere bọ́ sínú ẹjọ́.

Bí ó bá fẹ́ ṣe yín lóore, kí ó ra awò-ìwòjìnnà olójú méjì tí a ń fi okùn kọ́rùn, 8x42. 42 tí a fi 8 pín jẹ́ 5.25, ó tó fún ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi wo inú igbó dáadáa kí ẹ tó na ìbọn síbẹ̀ rárá, torí ohun tó ń mi ewé nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lè jẹ́ èèyàn tó lọ ṣẹ́gi.