Yíyọ IC pẹrẹsẹ lára bọ́ọ̀dù láìjẹ́ kí ojú bàbà bá a wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. IC (ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ oníná) tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú ihò kì í fún mi ní wàhálà, àmọ́ àwọn tí wọ́n jó mọ́ ojú bọ́ọ̀dù pẹrẹsẹ ń dààmú mi. Mo fẹ́ yọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan láìpẹ́ yìí. Bí mo ṣe ń jó ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbé e sókè, ni ojú bàbà méjì, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ń jó mọ́ lórí bọ́ọ̀dù, bá ṣí tẹ̀ lé e. Ṣé àfi kí n ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná ni? Báwo ni mo sì ṣe máa jó tuntun mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kò nílò afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ọ̀bẹ yẹn ló bà á jẹ́. Bí iná bá ti pọ̀ lára bàbà, ohun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù á dẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kan bá wá yọ́ tí èkejì sì ti dì padà, bàbà ni ọ̀bẹ yín ń gbé. Gbogbo ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, IC náà á sì máa rìn fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Tí kò bá tíì rìn, ẹ má fà á.

Ẹ fi fulọ́ọ̀sì (ohun tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn dáadáa) sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ wá da lẹ́ẹ̀dì, irin yíyọ́ tí a fi ń jó ẹsẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, lé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí á fi di òkìtì kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó burẹ́wà lójú, àmọ́ òkìtì yẹn ló ń gbé ooru dé gbogbo ẹsẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dì. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí nǹkan bíi 350°C, ẹ máa gbé e láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ẹ sì fi ẹ̀mú ti IC náà jẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀dì olójèé ni kí ẹ dà sí i: 183°C ni èyí tí wọ́n ń pè ní 63/37 (tin 63, òjé 37 nínú ọgọ́rùn-ún) ń yọ́, nígbà tí èyí tí kò ní òjé, tó wà lára ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù òde òní, ń fẹ́ tó 217°C. Bí méjèèjì bá pò pọ̀, iṣẹ́ á rọrùn.

Tí IC náà bá ti kú, kí ló dé tí ẹ tún ń kẹ́ ẹ? Ẹ fi pílíà kékeré tó mú gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nídìí ara, kí ẹ wá yọ́ ẹsẹ̀ tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná di dandan nígbà tí IC bá ní ojú bàbà lábẹ́ ikùn, tí áyọ́ọ̀nù kò lè dé ibẹ̀.

Ẹ fi wáyà bàbà híhun fa lẹ́ẹ̀dì tó kù. Ẹ fi fulọ́ọ̀sì sí i, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí, kí ẹ sì gbé méjèèjì kúrò pọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí wáyà náà dì mọ́ bọ́ọ̀dù kó tó fà á, ojú bàbà míì ló ń wá. Kí ẹ fi sípíríìtì nù ún.

Kí ẹ tó jó tuntun, ẹ wo àmì ẹsẹ̀ kìíní lára IC àti lára bọ́ọ̀dù dáadáa. Ẹ jó ẹsẹ̀ igun kan, ẹ wò ó bóyá ó tọ́, kí ẹ jó igun tó dojú kọ ọ́, ẹ̀yìn náà ni ẹ ó fi fulọ́ọ̀sì sí gbogbo rẹ̀ tí ẹ ó sì wọ́ áyọ́ọ̀nù tó ní lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ lẹ́nu kọjá lórí ìyókù. Ẹnu fífẹ̀ dára ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ, torí ó ń gbé ooru ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ méjì tó bá so pọ̀, fulọ́ọ̀sì àti ẹnu áyọ́ọ̀nù tó mọ́ á tú wọn ká.

Ti ojú bàbà méjì tó ṣí yẹn: ẹ wò ó bóyá ìlà bàbà kankan tiẹ̀ wọ ibẹ̀, torí ẹsẹ̀ míì wà tí kò sopọ̀ mọ́ nǹkan kan. Tó bá wọ̀ ọ́, ẹ tọ ìlà náà, ẹ ha ọ̀dà orí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibẹ̀ sí ẹsẹ̀ IC. Ẹ fi gọ́ọ̀mù epoxy dè é kó má baà mì, lẹ́yìn tí mítà bá ti fi hàn pé ó dé ibi tó yẹ, tí kò sì kan ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.