Iná lódà oníṣéènì mi kú: ibo ni fíúsì rẹ̀ wà?

Ìbéèrè: Ọ̀gá rewáyà, ẹ kú iṣẹ́. Lódà kékeré oníṣéènì kan, àlòkù, ni mo fi ń tún àgbàlá ṣe fáwọn èèyàn ní Houston. Iná iwájú rẹ̀ ṣàdédé kú. Wọ́n ní fíúsì ni, àmọ́ mi ò mọ ibi tó wà. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi méjì lẹ ti máa rí fíúsì lára ọ̀pọ̀ irú lódà yẹn. Àwọn kéékèèké wà nínú àpótí onídèérí nítòsí awakọ̀: ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ìjókòó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí ìsàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Àwọn ńlá wà lẹ́yìn, lọ́dọ̀ bátìrì àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí ìdérí àpótí náà padà, inú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ àwòrán mọ́ pé èyí ni ti iná, èyí ni ti fáàn. Bó bá ti ṣá, ìwé ẹ̀rọ yín ni kẹ́ ẹ ṣí. Ẹ má tẹ̀ lé fídíò ẹlòmíì, torí ọdún tí wọ́n ṣe tiẹ̀ lè má bá tiyín mu.

Ẹ gbé apá lódà sílẹ̀, kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá wo orí fíúsì dáadáa, ẹ máa rí ojú irin bíńtín méjì. Ẹ há wáyà tẹ́sítà (irinṣẹ́ tí gílóòbù kékeré inú rẹ̀ máa ń tàn tó bá kan ibi tí iná wà) mọ́ irin ara lódà tí kò ní ọ̀dà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu tẹ́sítà kan ojú méjèèjì. Bó bá tàn ní méjèèjì, fíúsì ò ṣe nǹkan kan. Bó bá tàn lójú kan ṣoṣo, ó ti jó. Bí kò bá tàn rárá, iná ò dé ibẹ̀ nìyẹn: ẹ lọ wo rìlée (súìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tó sì ń pa), fíúsì ńlá àti orí bátìrì. Èyí sàn ju wíwò lójú lásán, torí fíúsì míì máa là tín-ín-rín, tí ojú ò ní rí i.

Àwọ̀ ló ń sọ iye rẹ̀: pupa jẹ́ 10 áńpù, búlúù 15, yẹ́lò 20, àwọ̀ ewé 30. Bí 10 ló jó, 10 náà lẹ máa fi sí i. Ẹni tó bá ki 30 bọ̀ ọ́, tàbí tó ká bébà dídán inú páálí sìgá síbẹ̀, wáyà fúnra rẹ̀ ló máa jó, nítòsí dísù àti ọ́ìlì!

Bí tuntun náà bá tún jó kíá, ẹ má fi ẹ̀kẹta ṣòfò. Ẹ yọ ẹnu wáyà lára gílóòbù. Tí fíúsì bá dúró, gílóòbù ló ní ẹjọ́. Bó bá ṣì ń jó, wáyà ti bó níbì kan. Ẹ tọ ipa rẹ̀, pàápàá níbi tó ti ń ha irin àti ibi tí ilé awakọ̀ ti ń ṣí sókè.

Ní ti ìtọ́jú, omi ló ń pa á. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ fín omi sí àpótí náà, kí ìdérí rẹ̀ sì máa dé pinpin. Bí ẹsẹ̀ fíúsì bá ti ń hu àwọ̀ ewé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì nu ihò rẹ̀.

Tó bá jẹ́ fíúsì ńlá lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, ẹ kọ́kọ́ tú orí négétífù bátìrì.