Fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ máa lọ tọ́jú ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Kétu

Ọmọ mi, mo rí ìbéèrè rẹ. Ìyá rẹ, ẹni ọdún 73, ń gbé lọ́dọ̀ yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin wa níbí. Rọpárọsẹ̀ kọlu ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà ní Kétu, ìyá rẹ wá ní òun á máa lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lóṣooṣù lọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ní ó ti dàgbà jù fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀, o sì ń bi wá pé ṣé kẹ́ ẹ dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kó lọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò le, Ṣakété, Pobẹ, Kétu, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti pé 76. Ọ̀rẹ́ tèmi, Ìyá Ìbejì, aṣọ ló ń rán ní Kétu. Lọ́dún 1989, nígbà tí ìjọba ò rówó oṣù san fún wa mọ́, gaàrí tó ń fi ránṣẹ́ ni mo fi bọ́ ọmọ. Kì í kọ lẹ́tà sí i. Àjákù àǹkárá tó bá ṣẹ́kù lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ń so ẹnu àpò, bí mo bá ti rí i, mo ti mọ̀ pé òun ni. Nígbà tí wọ́n wá gé iye owó sẹ́fà wa sí ìdajì ní oṣù kìíní ọdún 1994, tí aṣọ di ọ̀wọ́n, èésú tèmi ni mo kó fún un. A ò kọ gbèsè sílẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n òru ọjọ́ tó ṣubú ni mo fẹ́ kó o gbọ́. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni, ó wá kí mi ní Àjàṣẹ́ níbí. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ gbì. Kí n tó débẹ̀, ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sápá kan, bàtà ẹ̀ kan ti bọ́ sínú gọ́tà. Ilé ìwòsàn tá a gbé e lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Akọ̀wé bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní ẹbí lòun ń béèrè. Owó tí wọ́n ní ká san, èmi náà ni mo san án o! Oògùn tí wọ́n kọ, èmi ni mo sáré lọ rà á. Owó mi jẹ́ ẹbí, ẹnu mi ni kì í ṣe ẹbí. Àwọn ìbejì ẹ̀, ọ̀kan wà ní Gàbọ́ọ̀nù, èkejì ò gbé fóònù. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́, bàtà kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́ dókítà kan wá ń fi Faransé sọ níṣojú mi pé ìyá arúgbó yìí ò lóye nǹkan kan. Èmi tí mo fi Faransé kọ́ ọmọ fún ọdún 31! Mo fi Faransé dá a lóhùn, mo sì tún àṣìṣe inú gbólóhùn ẹ̀ ṣe fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní màmá.

Nítorí náà, kí ìyá rẹ tó gbéra, kí àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá rẹ ni kí ilé ìwòsàn máa bá sọ̀rọ̀, kí nọ́ńbà tiwọn náà wà níbẹ̀.

Ṣé ìyá rẹ ń gba owó ìfẹ̀yìntì? Ẹ ṣọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń béèrè ìwé pé èèyàn ṣì wà láàyè. Kétu ni mo wà tí ọjọ́ tèmi fi kọjá, wọ́n sì dá owó mi dúró. Mo lọ dúró níwájú ọkùnrin tó ń bójú tó o, ó ní kò sí ẹ̀rí pé mi ò tíì kú. Mo ní ṣé kí n sín ni? Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi lọ fi bọ̀.

Bí ẹnì kan bá sì ní àgbo òun á jí ẹsẹ̀ tó ti rọ láàárín ọjọ́ méje, ẹ lé e. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni kí ọ̀rẹ́ náà má fò. Ìyá tìrẹ náà ńkọ́, ìgbà wo ló yẹ tiẹ̀ wò kẹ́yìn?

Ìyá Ìbejì ò lè ránṣọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ń wúwo lẹ́nu ẹ̀, àfi bá a bá ń bú ẹnì kan tá a jọ kàwé nígbà èwe, ìyẹn máa ń já gaara.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tún ń lọ. Bí ìyá rẹ bá fẹ́, ká jọ wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.