Èsì: Òòfà kò léfòó lórí YBCO
Ẹ kú iṣẹ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ní ẹ ṣe YBCO (èròjà líle bí amọ̀ sísun, tó ní yttrium, barium, bàbà àti ọ́síjìn nínú, tí òòfà máa ń léfòó lórí rẹ̀ tó bá tutù gan-an), ṣùgbọ́n òòfà kàn jókòó tẹpẹrẹ lé e lórí nínú náítírójìn olómi. Ó jọ pé ọ́síjìn ni kò tó nínú rẹ̀. Ẹ dá a padà sínú ààrò, ẹ máa fẹ́ ọ́síjìn sí i ní nǹkan bí 450°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó wá máa tutù díẹ̀díẹ̀. Èmi náà ti kánjú yọ ọ́ rí. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò. Bí iná ọba bá sì lọ láàárín, ẹ tún un ṣe ni o.

Tí YBCO yín bá dúdú nìkan lèyí ṣiṣẹ́. Tó bá ní àwọ̀ ewé, èròjà mìíràn ló wà níbẹ̀: ẹ lọ̀ ọ́, ẹ tún un sun ní nǹkan bí 940°C.

YBCO tó dáa kì í dènà iná mànàmáná mọ́ tó bá ti tutù kọjá 92 K (kelvin; nǹkan bí -181°C), ìgbà náà ni òòfà máa ń léfòó lórí rẹ̀. 77 K (nǹkan bí -196°C) ni náítírójìn olómi, ó tutù tó. Ẹ tọ́jú YBCO náà sínú ohun tó dé pinpin, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́.