Ẹ̀rọ tó ń rí irin inú dẹ́kìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Mo ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọn ò tíì parí ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Bíríkìlà tó kọ́ ọ búra pé irin inú dẹ́kìn pé. Ọmọkùnrin kan ní òun ní ẹ̀rọ radar tó lè wò ó láìfọ́ nǹkan kan. Ṣé kì í ṣe gbájú-ẹ̀? Ìyá Bọ́lájí.

Ìdáhùn: Ìyá Bọ́lájí, ìbúra bíríkìlà kì í gbé dẹ́kìn ró. Òótọ́ ni ẹ̀rọ náà. Ó ń rán ìgbì rédíò wọnú kọnkéré. Tó bá kan irin, á ta padà. Bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà ló fi ń mọ bí irin ṣe jìn tó. Tí wọ́n bá tì í dábùú irin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ kọrọdọ lójú ẹ̀rọ bí òṣùmàrè. Dẹ́kìn sẹ̀ǹtímítà 15 kò jìn jù fún un.

Àmọ́ àlàfo àárín irin àti bí kọnkéré tó bò wọ́n ṣe nípọn tó ló mọ̀ dáadáa. Kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mílímítà 12 ni irin, kì í ṣe 10. Agbára kọnkéré ńkọ́? Ìyẹn di kí wọ́n gbẹ́ díẹ̀ lọ sí láàbù. Kọnkéré tó mumi sì máa ń gbé ìgbì mì, nítorí náà ẹ má pè é lẹ́yìn òjò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó kọ́kọ́ tì í kọjá níbi tí irin ti yọrí síta létí dẹ́kìn. Ẹ fi tépù wọn àlàfo wọn. Tí tépù àti ẹ̀rọ ò bá bára mu, kó máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.