Forúkọ ilé tí o ń gbé sílẹ̀ kí o tó ronú kan báǹkì: ìdáhùn fún nọ́ọ̀sì tó ń lọ Jámánì

Òkun o, àbúrò mi. O ní físà Jámánì ti jáde, ilé ìwòsàn tó gbà ọ́ ń retí rẹ, o wá ń béèrè bóyá báǹkì lo máa kọ́kọ́ lọ tàbí ọ́fíìsì ìjọba, àti ìwé wo lo máa kó láti Ìsánlú. Ọmọ Kàbà ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan náà ló gbé mi débí, mo sì ti bá àwọn ọmọ ilé wa jókòó níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ibí yìí tí kì í rẹ́rìn-ín.

Báǹkì kọ́. Ilé tí o ń gbé ni gbogbo nǹkan so mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá kó wọlé, òfin ní kí o lọ forúkọ sílẹ̀ ní Bürgeramt, ìyẹn ọ́fíìsì ìlú. Anmeldung ni wọ́n ń pe ìforúkọsílẹ̀ náà. Ìwé tí wọ́n bá fún ọ níbẹ̀ ni báǹkì máa béèrè, òun náà ni ọ́fíìsì àwọn àjèjì máa béèrè.

Ibi tó ti máa ń há nìyí: wọn ò ní forúkọ rẹ sílẹ̀ láìsí ìwé tí onílé fọwọ́ sí pé lóòótọ́ lo kó wọlé òun. Wohnungsgeberbestätigung lorúkọ rẹ̀. Má bẹ̀rù gígùn rẹ̀, ojú ewé kan péré ni. Àdéhùn yàrá tí ẹ jọ fọwọ́ sí kò lè rọ́pò rẹ̀. Béèrè ìwé yìí kí o tó san kọ́bọ̀. Onílé tó bá ń sọ pé "wá ná, a ó rí i ṣe" kò fẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé o wà lọ́dọ̀ òun. Wá yàrá míì. Àwọn kan nínú wa sì ń ta àdírẹ́sì o, wọ́n á ní kí o san owó kí àwọn fi orúkọ rẹ sí ilé tí o ò gbé. Ìtanràn ẹni tó bá fún èèyàn ní irú ìwé irọ́ bẹ́ẹ̀ lè tó 50,000 yúrò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló máa bá ọ gba lẹ́tà rẹ níbẹ̀?

Torí lẹ́tà ni ìjọba ibí fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ní Ìsánlú, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá á kàn béèrè ilé bàbá rẹ, ọmọdé á sì mú un débẹ̀. Níbí, orúkọ ara àpótí lẹ́tà ni ẹlẹ́tà ń wò. Bí tìrẹ kò bá sí níbẹ̀, ó ń dá a padà ni. Lẹ orúkọ rẹ mọ́ ọn lọ́jọ́ tí o bá wọlé, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù gan-an. Nọ́ńbà owó orí rẹ, tó jẹ́ díjíìtì 11, inú lẹ́tà ló ń bá wá lẹ́yìn Anmeldung. Bí o ò bá rí i fún agbanisíṣẹ́, wọ́n lè máa yọ owó orí rẹ ní ìpele tó wúwo jù.

Tí ọjọ́ ìpàdé ní Bürgeramt bá kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa wò ó láàárọ̀ kùtùkùtù, nítorí àwọn kan máa ń fagi lé tiwọn. Pa ìwé tó fi hàn pé o ti gba ọjọ́ mọ́.

Nínú fọ́ọ̀mù Anmeldung, wọ́n á bi ọ́ ní ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ owó ni. Bí o bá kọ Kátólíìkì, wọ́n á máa yọ owó ìjọ lára owó oṣù rẹ kó tó dé ọwọ́ rẹ: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí rẹ ní Bavaria àti Baden-Württemberg, ìdá 9 níbi yòókù. Ẹ̀yin ECWA, ẹ má kàn mú "evangelisch" torí pé ó jọ tiyín; ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ti Jámánì ni, ìjọ míì ni, owó rẹ̀ sì ń lọ bákan náà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sẹ́ Olúwa rẹ̀ o. Ṣáà mọ ohun tí ò ń kọ.

Ní ti ìwé láti ilé, orúkọ ni kí o yẹ̀ wò kí o tó di ẹrù. O ní orúkọ ọkọ ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù, orúkọ bàbá rẹ ló wà nínú ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì. Ìwé ìgbéyàwó ló so méjèèjì pọ̀, ojúlówó rẹ̀ ni kí o mú dání, kì í ṣe fọ́tò orí fóònù. Ọdún 1988 tí wọ́n bí ọ, Kwara la ṣì wà. 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Bí ìwé kan bá ní Kwara tí èkejì ní Kogi, òṣìṣẹ́ ibí á rò pé ibi méjì ni wọ́n ti bí ọ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n dá padà lórí ìyẹn. Gba ìwé ìjẹ́rìí ìbí lọ́wọ́ NPC, àjọ tó ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí a bí ṣáájú 1992, kí orúkọ ìlú inú rẹ̀ sì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí àṣìṣe bá wà nínú NIN, tún un ṣe nílé, torí òun ni wọ́n máa béèrè lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù tuntun ní Berlin tàbí Frankfurt.

Má san owó ìtumọ̀ nílé. Ògbufọ̀ tó ti búra ní kóòtù Jámánì ni wọ́n ń gbà jù. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta "apostille" Nàìjíríà fún ọ, ìyẹn òǹtẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fi àdéhùn gbà láti máa fi jẹ́rìí ìwé ara wọn, jìbìtì ni, orílẹ̀-èdè wa kò sí nínú àdéhùn yẹn. Tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tàbí ọmọ bá dé, àwọn ará Jámánì á rán agbẹjọ́rò lọ wádìí ìwé yín nílé lọ́hùn-ún, ó sì ń gba oṣù púpọ̀.

Físà tó wà lọ́wọ́ rẹ kì í pẹ́ títí. Kọ̀wé béèrè káàdì ìgbélùú kó tó parí. Bí káàdì bá pẹ́, béèrè Fiktionsbescheinigung, ìwé tó ń dí àlàfo. Kí o tó fi í ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé fún Kérésì, wo irú èyí tí wọ́n fún ọ, torí ọ̀kan gbà ọ́ láyè láti padà wọlé, ọ̀kan kò gbà.