Ẹ má tíì dí àwọn páìpù yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìyànjú. Ẹ ní táǹkì epo abẹ́ ilẹ̀ jò nínú ọgbà iléeṣẹ́ yín, pé wọ́n gbẹ́ kànga àyẹ̀wò mẹ́rin, ìyẹn páìpù tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ kí ẹ lè máa yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ wò, láàbù ò rí nǹkan kan nínú omi tí ẹ bù lóṣù kẹsàn-án, àwọn ọ̀gá sì ti fẹ́ kí ẹ rọ sìmẹ́ǹtì sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn. Irú ẹ̀ ṣe mí rí níbí ní Abẹ́òkúta, ẹlòmíì ló sì jìyà ẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án lèmi náà bu omi tèmi. Òjò ti rọ̀ gan-an, omi ti kún dé nǹkan bíi mítà méjì sí ẹnu páìpù, ó mọ́ lójú, kò rùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ ti mọ́. Nígbà tó di oṣù kejì, ìyá kan tó ń ta ògì lẹ́yìn ògiri wa wá sí géètì. Ó ní ògì òun ń rùn bíi kẹrosíìnì, àwọn oníbàárà ń dá a padà. A bi í pé níbo ló ti ń lọ àgbàdo. Ẹ̀rọ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, la bá ní ẹ̀rọ ló ń jò sí i. Ìyá yí ibi tó ti ń lọ̀ ọ́ padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó ṣí páìpù tó sún mọ́ ògiri yẹn.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mo ju bélà, ìyẹn ọ̀pá oníhò tí a fi okùn so láti fi bu omi, sí i, mo fà á jáde, mo gbé e sójú oòrùn. Omi wà nísàlẹ̀. Epo tó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì jókòó lé e lórí, ó nípọn ju ìka méjì lọ. Kànga ìyá ológì ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Omi yẹn ló fi ń rẹ àgbàdo, òun ló fi ń sẹ́ ẹ, òun làwọn ọmọ ẹ̀ ń mu. Títí dòní, tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí a sọ fún un, ojú máa ń tì mí.

Epo yẹn ò lọ síbì kankan lóṣù kẹsàn-án. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń wà. Tí òjò bá mú omi kún, omi á bò ó mọ́ inú iyẹ̀pẹ̀, kò ní ráyè wọ páìpù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà, èyí tó há yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, á ya wọ páìpù. Odidi ọdún kan, ó kéré tán, lẹ gbọ́dọ̀ fi máa wò ó.

Ilẹ̀ tiwa yìí tún nira. Àpáta bíi ti Olúmọ ló wà nísàlẹ̀, ojú ibi tó sán ni omi ń gbà. Èrò wa ni pé odò Ògùn ni gbogbo ẹ̀ ń dà sí, torí ìhà ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìgbà tí sọ̀fíyọ̀, ìyẹn awọnlẹ̀, wá wọn gíga ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan, tí a yọ jíjìn omi kúrò nínú ẹ̀, la tó rí i pé ọ̀dọ̀ ìyá ológì ló ń yà sí. Ẹ wá sọ̀fíyọ̀. Láìsí ìyẹn, ẹ ò lè mọ ibi tí omi ń lọ.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ máa wọn jíjìn omi nínú gbogbo páìpù, lóṣooṣù. Páìpù tó mọ́ jù lẹ ó kọ́kọ́ bù, okùn tuntun fún ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fa omi tó ti sùn nínú ẹ̀ dànù kí ẹ tó bù. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, torí èéfín ẹ̀ ń wọ inú omi. Ìgò kékeré onímìlílítà 40 gbọ́dọ̀ kún dẹ́nu: ẹ dojú ẹ̀ dé, tí ẹ bá rí afẹ́fẹ́ tó ń yípo nínú ẹ̀, ẹ mú ìgò míì. Inú kúlà oníyìnyín ló ń lọ tààrà.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé imú o. Benzene ni èròjà olóró kan tó wà nínú epo. Ìwọ̀n rẹ̀ tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fàyè gbà nínú omi mímu ni máíkrógíráàmù 10 nínú líta kan, imú ò lè gbọ́ òórùn ìyẹn. Benzene yìí ló ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2011, àjọ UNEP, ẹ̀ka Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, rí i ní Nisisioken Ogale, nílẹ̀ Ògóní, pé ó ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n náà lọ nínú kànga táwọn èèyàn ń mu. Ẹ sì má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sè é kó tó mu ún. Ohun tó bá fi ìkòkò sílẹ̀, inú ilé ìdáná ló ń lọ, imú ìyá àtọmọ ló ń gbà á.

Ní oṣù kejì àti ìkẹta, kí òjò tó padà, ẹ tún bu omi nínú páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ lọ sẹ́yìn ògiri yín, ẹ béèrè ẹni tó ní kànga, kí ẹ bu tiwọn náà. Tí wọ́n bá ní oúnjẹ àwọn ń rùn, ẹ gbà wọ́n gbọ́.